Panudé àti Ojú Bàbá Tíṣà

Iṣẹ́ ọkọ mi ni kí ó máa lé ẹ̀rín kúrò lójú àwọn ènìyàn. Fọ́tò pásípọ́ọ̀tù ló ń yà, ọ́fíìsì ìjọba kò sì fẹ́ rí eyín ẹnikẹ́ni. "Ẹ panu dé" ló ń wí láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ni gbogbo àdúgbò bá sọ ọ́ ní Panudé. Pálọ̀ wa ló fi ṣe ṣọ́ọ̀bù. Kọ́tìnì kan ṣoṣo ló wà láàárín oníbàárà àti èmi pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta: ọmọ ọdún márùn-ún, ọmọ ọdún mẹ́ta, àti èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn, tó gbà pé ògiri ló yẹ kó yà fún òun. Àdúrà mi kò ju kí ilé pa lọ́lọ́ fún wákàtí kan.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Bàbá Tíṣà wọlé, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti dá fọ́tò rẹ̀ padà.

"Ọmọ mi bímọ lókè òkun," ló wí. "Tí wọn ò bá gba fọ́ọ̀mù mi kí agogo méjìlá ọ̀sán yìí tó lù, ó di ọdún tó ń bọ̀ kí n tó fojú kan ọmọ yẹn."

Ó jókòó. Ni àwọn ọmọ mi bá já kọ́tìnì kọjá, ìkòkò lórí ẹnìkejì, bàtà bàbá wọn kan ṣoṣo lẹ́sẹ̀ àbíkẹ́yìn.

"Bàbá, ṣé wọ́n ti yọ eyín yín ni tí ẹ ò fi gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín?" Àkọ́bí ló bèèrè.

Bàbá Tíṣà bú sẹ́rìn-ín. Ó gbìyànjú, ó rántí ìkòkò, ó tún bú sẹ́rìn-ín. Agogo mọ́kànlá lù.

"Ìyá wọn, jọ̀ọ́, kó wọn lọ sẹ́yìnkùlé!" Panudé ké sí mi.

Mo kó wọn lọ. Ilé pa lọ́lọ́, àdúrà mi gbà. Ìgbà tí mo máa yọjú, omijé ti ń wá sójú Bàbá Tíṣà.

"Bí ilé tèmi ṣe máa ń rí nìyí," ló wí.

Ọ́fíìsì kì í gba ẹkún náà.

"Kó wọn bọ̀ sí kíṣìnì!" Panudé tún ké. Ẹ̀rín yọ létí ẹnu bàbá. "Dá wọn padà díẹ̀!" Ojú rẹ̀ tún kún fómi. Bẹ́ẹ̀ ni mò ń gbé ọmọ síwá sẹ́yìn bí ẹni ń fi eriali tẹlifíṣọ̀n wá àwòrán.

"Ibẹ̀ yẹn! Ẹ má mira!"

Ẹ̀gbẹ́ dúrọ́ọ̀mù omi tó wà láàárín kíṣìnì àti ẹ̀yìnkùlé ni. Ibẹ̀ nìkan ni ariwo wa ti mọ níwọ̀n tí bàbá kò rẹ́rìn-ín, tí kò sì sunkún. Panudé ya fọ́tò, bàbá sáré jáde, wọ́n sì gba fọ́ọ̀mù rẹ̀ nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́rin.

Panudé fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ dúrọ́ọ̀mù, nítorí iṣẹ́. Lẹ́yìn náà ó jókòó sórí àpótí oníbàárà, ó ní, "Ìyá wọn, yà mí."

Mo pe àwọn ọmọ kúrò nídìí dúrọ́ọ̀mù. Mo ní kí wọ́n máa bọ̀. Wọ́n kọjá kíṣìnì, wọ́n já kọ́tìnì, wọ́n gun bàbá wọn tìkòkò-tìkòkò. Mo tẹ kámẹ́rà, mo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dúpẹ́ fún ariwo tí mo ti ń fi àdúrà lé lọ láti ọjọ́ yìí.

Fọ́tò náà wà lára ògiri pálọ̀. Ẹnu Panudé là débi pé a rí ihò eyín tó yọ lọ́dún tó kọjá. Kò sí ọ́fíìsì tó máa gbà á.