Orúnkún Nọ́ọ̀sì Lydia

Ó ti pẹ́ tí orúnkún nọ́ọ̀sì Lydia ti ń dùn ún, látinú ìdúró tó ń dúró ti ibùsùn aláìsàn ní ilé ìwòsàn kékeré kan l'Adewui, àdúgbò kan ní Lomé ní ilẹ̀ Togo. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, bí wọ́n bá ní kí gbogbo ìjọ kúnlẹ̀, òun a jókòó tirẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá wò ó lẹ́ẹ̀kejì, a ní, “Ọlọ́run mọ ibi tó ń dùn mí.” Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn òbí rẹ̀. Òwò ló gbé wọn dé Lomé, ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ náà ló ti di opó.

Nígbà tí grève bẹ̀rẹ̀, tí gbogbo òṣìṣẹ́ jókòó sílé nítorí wọ́n fẹ́ kí ìjọba gbà kí ìlú dìbò bó ṣe yẹ, ilé ìwòsàn náà ti ìlẹ̀kùn. Ẹ ó rò pé Lydia á sinmi, àbí? Ìsinmi wo! Àwọn tí kò rí ẹni bá sọ̀rọ̀ ló wá kún pálọ̀ rẹ̀: ọkùnrin tí ọkàn rẹ̀ ń fà sí ọkùnrin, ọmọbìnrin tí wọ́n fẹ́ fi fún ọkọ tipátipá, tó sì jẹ́ pé ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀ ló fẹ́ràn. Àìsùn, àìjẹun, àyà jíjá, ìwọ̀nyí ni wọ́n ń gbé wá. Kò sí abẹ́rẹ́ fún irú ẹ̀. Aṣọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru ni Lydia máa ń wé mọ́ wọn lápá, yóò wọ̀n ọ́n tán, kò ní tú u. Wọ́n á máa sọ̀rọ̀, òun á máa gbọ́. “Ẹni tí wọ́n so nǹkan mọ́ lápá kì í tètè sá lọ,” ló máa ń wí. Bí àwọn aládùúgbò bá bèèrè, á ní ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń ṣe gbogbo wọn. Ẹ̀jẹ̀ ríru, ọmọ ogún ọdún! Àwọn aládùúgbò mọ̀, wọ́n kàn dákẹ́ ni.

Nínú gbogbo wọn, Yọ̀mí ló wọ Lydia lọ́kàn jù. Wọ́n bí Yọ̀mí ní ọkùnrin, ṣùgbọ́n láti kékeré ló ti ń sọ pé obìnrin ni òun. Ìkíni ló sì kó o sí wàhálà. Ẹ sá mọ̀ pé nílé wa, ọmọkùnrin a dọ̀bálẹ̀, ọmọbìnrin a kúnlẹ̀. Yọ̀mí ò jẹ́ dọ̀bálẹ̀. Wọ́n gbá a létí títí, ó ṣáà ń kúnlẹ̀. Martha, ìyá rẹ̀, a gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò ní dá a lóhùn. Lọ́dún tó kọjá, Yọ̀mí gbìyànjú láti fọwọ́ ara rẹ̀ pa ara rẹ̀. Lydia ló dúró tì í títí ara fi bọ̀ sípò. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ kúnlẹ̀ kí Lydia, tí Lydia ní, “Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi, dìde,” ẹkún ló bú sí.

Ní oṣù kìíní ọdún 1993, àwọn sójà yìnbọn nígboro. Àwọn èèyàn ń sá lọ, àwọn kan gba Ghana, àwọn kan gba Kútọnu. Peter, ẹ̀gbọ́n bàbá Yọ̀mí, ló ní ọkọ̀ tí ìdílé wọn fẹ́ bá lọ. Ó ní bí Yọ̀mí kò bá dọ̀bálẹ̀ kí òun bí ọkùnrin, kò ní fẹsẹ̀ kan ọkọ̀ òun. Yọ̀mí sáré wá bá Lydia.

“Màmá, kí ni kí n ṣe?”

Ó ti rẹ Lydia tẹnutẹnu lọ́jọ́ náà. Láti òwúrọ̀ ni wọ́n ti ń sunkún sí i létí, kò tíì fi omi kan ẹnu. Kò tiẹ̀ wé aṣọ mọ́ Yọ̀mí lápá. Ó ní, “Dọ̀bálẹ̀ fún un lẹ́ẹ̀kan péré, jàre. Ilẹ̀ ṣáà ni. Ẹ̀mí rẹ ló jù.”

Yọ̀mí wò ó, ó wò ó. “Ẹ ṣé, Màmá.” Ó yí padà, ó lọ, kò kúnlẹ̀.

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Lydia mọ̀ kí ìlẹ̀kùn tó padé pé òun ti ṣì í sọ, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀, kò lè sáré tẹ̀ lé e.

Lọ́jọ́ kejì Martha dé láì wé gèlè.

“Màmá, Yọ̀mí dọ̀bálẹ̀ fún Peter lánàá. Látìgbà yẹn ló ti kọjú sí ògiri. Kò jẹ, kò mu, kò fọhùn. Mo ti kó ọ̀bẹ àti oògùn pamọ́, mo ní kí aládùúgbò jókòó tì í.”

“Ọkọ̀ ńkọ́?”

“Wọ́n ti lọ. Mi ò lè bá wọn lọ kí n fi í sílẹ̀. Èmi ni mo bí i, Màmá.”

Wọ́n jọ gba ọ̀nà. Òkúta àti táyà jíjó ni wọ́n fi dí títì, ọjà Adewui tí èèyàn ti máa ń fèjìká gba ara wọn wá dá páropáro. Lydia ń tiro lọ, ó ń bú Peter, ó ń bú àwọn sójà, ó sì ń bú ara rẹ̀ jù wọ́n lọ.

Yọ̀mí wà lórí ẹní. Lydia pè é, kò dáhùn. Ó tún pè é, kò mira. Nọ́ọ̀sì wa kò mú aṣọ ẹ̀jẹ̀ ríru jáde. Ó di ògiri mú, ó gbé orúnkún kan kalẹ̀, ó ké “Yéè!”, ó gbé èkejì kalẹ̀.

“Yọ̀mí, èmi ni mo ṣì ọ́ lọ́nà. Àárẹ̀ ló gba ẹnu mi sọ̀rọ̀. Dákun, má bínú.”

Háà! Àgbà tó ju ìyá ẹni lọ kúnlẹ̀ fúnni, ta ló jẹ́ dùbúlẹ̀ máa wò ó? Yọ̀mí ta gìrì. “Màmá, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀! Ẹ má fi mí gégùn-ún!” Kò sì lè dúró lé àgbà lórí, ló bá kúnlẹ̀ níwájú Lydia àti ìyá rẹ̀ tó wà lẹ́nu ọ̀nà.

“Martha,” Lydia ní, “ọmọ rẹ ń kí ọ.”

Martha gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bó ti máa ń ṣe. Ó wá fi etí ìró nu ojú, ó sì wo Yọ̀mí.

“Pẹ̀lẹ́,” ó ní. “Dìde, ọmọ mi. Ẹ̀kọ wà nínú ìkòkò.”

Yọ̀mí dìde. Lydia náà gbìyànjú, orúnkún kọ̀ jálẹ̀.

“Ẹ̀yin ìyá àtọmọ, ṣé ẹ máa wò mí báyìí ni?” ó ní. “Ẹ wá gbé mi.”

Martha mú apá ọ̀tún, Yọ̀mí mú tòsì, wọ́n gbé e dìde.