Àgbò Tí Wọ́n Ní Ó Rù

Ọdọọdún tí Iléyá bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, alágbàtà ẹran á yà nílé Mùnírátù ní Ìjemọ̀, á wo àgbò tí opó náà ń sìn, á sì yọ ṣùtì sí i. "Ìyá, ẹran yìí mà rù o!" Á rà á lọ́pọ̀. Mùnírátù gbà á gbọ́, ló bá ń bu gààrí ẹnu ara rẹ̀ fún ẹran.

Lọ́dún yìí, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ọlọ́sìn ra òṣùwọ̀n. Wọ́n gbé àgbò náà lé e: kílò méjìdínláàádọ́ta!

"Wá wò ó, òpùrọ́!" ni Mùnírátù pariwo mọ́ alágbàtà. Ìyẹn san iye tó yẹ láìjanpata.

Àfúsátù ọ̀rẹ́ Mùnírátù wá rọra fà á gun òṣùwọ̀n. Àfúsátù wo nọ́ńbà náà títí, omi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ẹran ò rù rí, Mùnírá. Ìwọ lo rù."