Ẹ̀dọ̀fóró Ló Rán Ìyá Bíréèkì

Ìyá Bíréèkì là ń pè é ládùúgbò. Ọkọ̀ wíwà ló ń kọ́ àwọn ènìyàn, ohùn rẹ̀ a sì máa ti inú ọkọ̀ kékeré rẹ̀ já wọ ilé onílé: "Bíréèkì! Mo ní bíréèkì!" Àmọ́ ikọ́ fée ò jẹ́ kó gbádùn. Tí àyà bá ti há mọ́ ọn, á máa mí bí ẹni tó ń fọn fèrè, ẹni tó ń kọ́ á sì ju sítíárìn sílẹ̀ nítorí ìbẹ̀rù.

Oògùn tó ń fà sẹ́nu ń ràn án lọ́wọ́, kò kàn tó ni. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ní kó jókòó sílé kó máa ta aṣọ ọmọdé. "Àbúrò mi, ẹ̀mí ò ní sípíà o."

"Tí mo bá jókòó, ikọ́ náà á bá mi jókòó."

Nígbà tó gbọ́ pé dókítà obìnrin kan ń wá àwọn àgbà tó ní ikọ́ fée láti dán oògùn tuntun wò, kò dúró gba ìmọ̀ràn. Dókítà ò fọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀. "Mà, ìyẹ̀fun kíkúnná lẹ ó máa fà sínú láàárọ̀ àti lálẹ́, ẹ ò sì ní fi oògùn yín àtijọ́ sílẹ̀. Oògùn tuntun wà nínú tàwọn kan. Ṣúgà wàrà lásán ni tàwọn yòókù. Èmi alára ò ní mọ ti ta ni ta ni."

"Ṣé ìwọ ni eku tí wọ́n á fi dán an wò?" ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bi í.

"Èyí tí mò ń lò báyìí ńkọ́, ṣé ojú ọ̀run ló ti já bọ́ ni? Ẹnìkan ló kọ́kọ́ fà á."

Ó fà á fún ọdún kan, ó sì ń sọ fún gbogbo ayé pé ara òun ti ń yá. Ni dókítà bá pe gbogbo àwọn tó kópa: wọ́n ti ṣí ìwé tó fi ti oníkálukú hàn, oògùn náà sì ṣiṣẹ́! Lẹ́yìn náà ló fa Ìyá Bíréèkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Mà, kò sí oògùn nínú tiyín."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ọdún kan gbáko! O kàn ń lá ṣúgà bí èèrà!"

Ìyá Bíréèkì wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn. Inú ń bí i, ṣùgbọ́n ìtìjú ló pọ̀ jù.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó padà lọ. "Dókítà, tí àwa tí a fa ṣúgà ò bá sí, ṣé ẹ̀ bá mọ̀ pé oògùn yín ṣiṣẹ́?"

"Rárá, mà. Ìrètí nìkan a máa mú ara ènìyàn yá. Ẹ̀yin lẹ jẹ́ ká mọ ìyàtọ̀."

"Ta ló wá ń lò ó báyìí?"

Dókítà wolẹ̀. Àwọn tó ti rí i gbà nìkan ni, kí wọ́n lè máa ṣọ́ wọn lọ. Ìjọba ò tíì fọwọ́ sí i, kò sí lọ́jà.

"Àwa la di àkàbà tí ẹ gùn dókè, ẹ wá ní ká máa lọ sílé? Kò jọ ọ́!"

Ó wá àwọn tí wọ́n jọ fa ṣúgà kàn: bíríkìlà kan, onígbàjámọ̀ kan, àti tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Ó kó wọn sínú ọkọ̀, ó di ọ́fíìsì ọ̀gá àwọn tó ń ṣe oògùn náà. Ọ̀gá wò wọ́n látòkè délẹ̀.

"Ta ló rán yín wá síbí?"

"Ẹ̀dọ̀fóró wa ni, sà."

Ọ̀gá ní òfin ò gbà á. Wọ́n lọ, wọ́n tún padà wá. Nígbà tí wọ́n padà wá lẹ́ẹ̀kejì, dókítà fúnra rẹ̀ dìde dúró tì wọ́n. "Ọ̀rọ̀ wọn tọ́, sà. Èmi ló yẹ kí n ti sọ ọ́." Ó pẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n gbà: àwọn tó fa ṣúgà náà yóò bọ́ sínú àwọn tí wọ́n ń ṣọ́.

Oògùn náà kì í ṣe idán. Tí eruku bá pọ̀, Ìyá Bíréèkì ṣì ń wúkọ́, ọ̀fun rẹ̀ a sì máa gbẹ. Àmọ́ ó ń gun àtẹ̀gùn ilé rẹ̀ láì dúró sinmi.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, dókítà fẹ́ dán oògùn mìíràn wò, ó sì ní kó wá bá ìgbìmọ̀ òun. Wọ́n fa àga fún un. Kò jókòó.

"Tó bá ṣiṣẹ́, kí ni ìpín àwọn tó fa òfìfo?"

"A ti fẹnu kò lórí ìyẹn kí ẹ tó dé, mà. Àwọn náà á rí i gbà."

"Ẹ tún un sọ sókè, kí gbogbo yàrá gbọ́."