Màmá Oyèníyì àti Ipò Mínísítà Kwara

Lọ́jọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọ́fíìsì àwọn ẹgbẹ́ alájọṣe, lókè ṣọ́ọ̀bù aláṣọ kan ní Táíwò Road ní Ìlọrin, Alàájì Jímọ̀h, akọ̀wé àgbà wa, bi mí ohun tí wọ́n kọ́ mi ní yunifásítì nípa ìjọba àjọṣe. Mo ní ìjọba tí ẹgbẹ́ òṣèlú méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá pawọ́ pọ̀ ṣe ni.

“Ìyẹn dáa. Ta ló máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ níbẹ̀?”

Mo ní bóyá ẹgbẹ́ tó tóbi jù, ṣùgbọ́n n kò lè fọwọ́ sọ̀yà láìrí àdéhùn wọn. Ó rẹ́rìn-ín títí. Láti ọjọ́ náà ló ti sọ mí ní Ìyá Bóyá.

Ẹgbẹ́ mẹ́ta ló ti ẹnì kan ṣoṣo lẹ́yìn fún ipò Ààrẹ. Àmì wọn la fi ń pè wọ́n: Àkàbà, tó tóbi jù, Kànga, tó tẹ̀ lé e, àti Fìlà, ẹgbẹ́ Alàájì, tó kéré débi pé kò sẹ́ni tó bẹ̀rù pé yóò gba ipò mọ́ òun lọ́wọ́. Mo rò pé ìdí nìyẹn tí gbogbo wọn fi gbà kí Alàájì máa darí ìpàdé.

Nígbà tí ẹni wa wọlé, iṣẹ́ tó le ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà pín ipò mínísítà. Ìpín ẹgbẹ́ wà: àwọn àgbà ní Àbújá á sọ pé ẹgbẹ́ báyìí ló ni ètò ẹ̀kọ́, ẹgbẹ́ tọ̀hún ló ni ìlera. Ìpín ìpínlẹ̀ náà wà, nítorí òfin sọ pé ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní mínísítà kan, ó kéré tán, tó jẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ ibẹ̀. Méjèèjì gbọ́dọ̀ bára mu. Kànga ló gba ilé iṣẹ́ ọ̀gbìn, wọ́n sì ní kí mínísítà náà ti Kwara wá. Wọ́n ní ká fi orúkọ ránṣẹ́ kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Bí a kò bá rí ẹnì kan fà kalẹ̀, Àkàbà ni yóò fi ẹni tiwọn sí i, Kànga sì ti sọ pé bó bá rí bẹ́ẹ̀, àwọn ń jáde nínú àjọṣe náà.

Alàájì ní àṣà kan tí n kò rí nínú ìwé kankan. Ẹgbẹ́ kan kò gbọ́dọ̀ gbé ẹni tirẹ̀ kalẹ̀. Ọmọ ẹgbẹ́ mìíràn ni yóò dìde sọ ìdí tí ẹni náà fi yẹ. Ó ní ẹni tí kò bá sí nínú ẹgbẹ́ rẹ tí kò sì lè yìn ọ́, ẹ̀yin méjèèjì ò lè jọ ṣèjọba. Mo rò ó síwá sẹ́yìn, n kò rí àléébù kankan níbẹ̀.

Màmá Oyèníyì ni Kànga fẹ́. Àdúgbò Basin ní Ìlọrin ló ń gbé, ó sì ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn àgbẹ̀ agbègbè Òkè-Oyì níṣẹ́ ọ̀gbìn fún ìjọba kó tó fẹ̀yìn tì. Ẹnjiníà Sálíù, ọmọ ẹgbẹ́ Àkàbà, ló dìde fún un.

“Màmá yìí ló kọ́ bàbá mi bí wọ́n ṣe ń tọ́jú iṣu tí kì í fi í jẹrà. Bàbá mi kì í sì í gbọ́ràn sí ẹnikẹ́ni lẹ́nu, títí kan ìyá mi.”

“Sálíù, bàbá ẹ ò gbọ́ràn sí mi lẹ́nu náà,” ni Màmá wí. “Iṣu aládùúgbò rẹ̀ tí kò jẹrà ló rí.”

Gbogbo ilé gbà á wọlé tẹ̀rín-tẹ̀rín.

Iṣẹ́ mi ni láti kọ ìtàn rẹ̀ ní ṣókí fún Àbújá, nítorí náà mo lọ bá a nílé lọ́jọ́ kejì. Ó dáhùn gbogbo ìbéèrè mi láìronú.

“Ìlú yín ńkọ́, Màmá?”

“Ìlọrin.”

“Ìlú bàbá yín?”

“Ìkìrun. Ní Ọ̀ṣun.” Ó sọ ọ́ bí ìgbà téèyàn ń dárúkọ ibi tó kàn gbà kọjá rí.

Mo gbé bírò sílẹ̀. Ìlọrin ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ ló ti kàwé, ibẹ̀ ló sin ọkọ rẹ̀ sí, ẹni tí òun náà jẹ́ ará Ọ̀ṣun. Àwọn tó mọ ìdílé rẹ̀ jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀, àṣà wa ò sì jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀. Àwa yòókù gbọ́ Yorùbá Ìlọrin lẹ́nu rẹ̀, a sì gbà pé ọmọ ibẹ̀ ni.

“Ṣé ìyẹn bà á jẹ́ ni?”

“Bóyá, ma.” Mo tún ọ̀rọ̀ mi sọ. “Ó bà á jẹ́, ma.”

Ó dìde, ó bu ẹ̀pà wá fún mi, bí ẹni pé èmi ni ọ̀rọ̀ náà dùn jù.

Ní ọ́fíìsì, Ẹnjiníà ní kò le. “Ẹ jẹ́ ká gba ìwé ọmọ ìbílẹ̀ fún un ní ìjọba ìbílẹ̀ kan. Ta ló máa mọ̀?”

“Bí wọ́n bá mọ̀ nígbà àyẹ̀wò nílé aṣòfin àgbà, sà, Màmá ni wọ́n máa pè ní òpùrọ́. Wọn ò ní pe àwa,” ni mo dá a lóhùn.

N kò lè sọ pé òfin náà burú. Láìsí i, ó ṣeé ṣe kí ìpínlẹ̀ kékeré máà rí ẹnì kankan nínú ìjọba. Ṣùgbọ́n Alàájì bi wá ní ìbéèrè kan. “Ṣókótó ni bàbá bàbá mi ti wá, wallahi. Èmi lọmọ ìbílẹ̀. Màmá tí wọ́n bí síbí bíi tèmi kì í ṣe é. Báwo ni kí n ṣe là á yé e?”

Kò sí ìdí fún un láti là á yé e. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Màmá fúnra rẹ̀ dé, ó ní òun ti yọwọ́. Ó mú Dókítà Ṣuaibu dání, ọmọ Ìlọrin paraku, ọmọ ẹgbẹ́ Kànga, tó kọ́ṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀ nígbà tó ṣì wà ní yunifásítì.

“Ta ni yóò gbé e kalẹ̀?” ni Alàájì bèèrè.

Ojú gbogbo wa lọ sọ́dọ̀ Ẹnjiníà. Alàájì tó ń darí ìpàdé kì í gbé èèyàn kalẹ̀; bí Ẹnjiníà bá dákẹ́, ẹgbẹ́ tirẹ̀ ló máa mú ipò náà. Fóònù rẹ̀ ń dún lápò, a sì mọ̀ pé àwọn àgbà Àkàbà ló ń pè é. Ó pa á, ó dìde.

“Mi ò mọ̀ ọ́n dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ́ bàbá mi ló kọ́ ọ. Mo fara mọ́ ọn.”

Màmá ní òun ní ìbéèrè kan. “Ṣuaibu, àgbẹ̀ Òkè-Oyì tó ń kó iṣu sẹ́bàá títì, tí oòrùn ń pa á, kí lo fẹ́ ṣe fún un?”

“Mi ò tíì mọ̀, ma. Ẹ jẹ́ ká jọ lọ, kẹ́ ẹ máa sọ fún mi.”

“Èwo nínú wa wá ni mínísítà?”

“Èmi lọmọ ìbílẹ̀, ma. Ẹ̀yin lẹ mọ iṣẹ́.”

Alàájì yíjú sí mi. “Ìyá Bóyá, ṣé òfin gbà á?”

“Òfin ò bi olùdámọ̀ràn mínísítà ní ìlú bàbá rẹ̀, sà.”

Màmá bọ́ awò ojú rẹ̀, ó rọra nù ún. “Ó dáa. Ṣùgbọ́n mi ò ní bá ọ gbé báàgì o, Ṣuaibu.”

Kànga kò jáde mọ́, àwọn méjèèjì sì wà ní Àbújá báyìí. Èmi ṣì wà ní Táíwò Road. Alàájì ò pa àṣà rẹ̀ tì, ó kàn fi nǹkan kan kún un ni: kí ẹnikẹ́ni tó dìde láti yin èèyàn, èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ pe ẹni tí wọ́n fẹ́ yìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí mo máa ń bi í ní ìlú bàbá rẹ̀. Mi ò fẹ́ràn ìbéèrè náà. Mò ń bèèrè rẹ̀ ní kọ̀rọ̀ kí ẹlòmíràn má baà bèèrè rẹ̀ lójú gbogbo ayé.