Igi Tó Bá Ti Kú Kò Nílò Ìwé Àṣẹ

Bí ẹ bá rí ọkùnrin kan tó máa ń wo ọ̀tún, wo òsì, kó tó ti pálọ̀ bọ́ sí yàrá, Má-kánjú ni. Olùkọ́ awakọ̀ ni. Àwọn tó ń kọ́ mọ́tò lọ́dọ̀ rẹ̀ ló fún un lórúkọ yẹn, nítorí pé iye “má kánjú” tó ń pè sí wọn létí láàárọ̀ kan ṣoṣo, bí a bá kó o jọ, á kún inú ọkọ̀ akẹ́rù. Ó fẹ́ràn òfin ju oúnjẹ lọ. Ìyàwó rẹ̀ a máa ní, “Ẹ wá wo ọkọ mi o! Eṣinṣin ò lè bà lórí àwo rẹ̀, àfi tó bá ti gbàṣẹ.”

Mọ́tò kan ló fi ń kọ́ni tẹ́lẹ̀. Nígbà tó ra èkejì, kò rí ibi gbé e sí, torí pé igi ńlá kan dúró gbọn-in gbọn-in láàárín ọgbà rẹ̀. Igi náà ga débi pé òjò gan-an ń tọrọ ọ̀nà lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó rọ̀ délẹ̀, gbogbo ẹyẹ ayé sì ti fẹnu kò pé orí mọ́tò Má-kánjú ni ilé ìgbẹ́ àwọn.

Ṣùgbọ́n ìlú kékeré wọn lófin: igi tí apá àgbàlagbà kan ò bá ká, ì báà jẹ́ inú yàrá rẹ ló hù sí, o ò gbọdọ̀ gé e láìgba ìwé àṣẹ. Má-kánjú lọ tọrọ. Wọ́n rán alábòójútó igi sí i, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó wọ bàtà ńlá bíi ti ológun. Ó fi tépù wọn ìdí igi, ó kan èèpo rẹ̀ kó-kó-kó bí ẹni tó ń kanlẹ̀kùn àna, ó mi orí.

“Sà, ara igi yìí le ju tèmi tiyín lọ. Kò fì sórí ilé ẹnikẹ́ni, gbòǹgbò rẹ̀ ò kan ògiri. Mi ò lè fọwọ́ sí i.”

“Àyè mọ́tò mi wá ńkọ́?”

“Àyè mọ́tò kì í ṣe àìsàn igi, sà. Igi tó bá ti kú nìkan la kì í béèrè ìwé àṣẹ lé lórí.”

Ó dágbére, ó lọ. Ọ̀rọ̀ tó sọ kò bá a lọ.

Lọ́jọ́ kejì, tí ìyàwó ti gba ibi iṣẹ́ lọ, ọ̀gá olófin gbé omi kaná. Ó da iyọ̀ sí i bí ẹni tó fẹ́ sọ kànga di òkun, ó sì ń rọra bù ú sídìí igi. Ó ń súfèé, kí ẹni tó bá yọjú lè rò pé ó ń bomi rin ín ni. Ó ṣe é títí ewé fi bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, tí wọ́n ń já bí irun orí arúgbó. Nígbà tí igi ku egungun lásán, ó ránṣẹ́ pe alábòójútó kó wá wo òkú.

Ọmọbìnrin náà fi ọ̀bẹ ha èèpo, ó bu erùpẹ̀ ìdí igi, ó gbóòórùn rẹ̀. Ojú rẹ̀ yí padà.

“Igi yìí ò dédé kú. Wọ́n da nǹkan sí i ni. Ẹni tó bá sì pa igi báyìí, kò yàtọ̀ sí ẹni tó gé e láìgbàṣẹ. Yóò fọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ kòtò méjì, yóò gbin igi méjì, yóò máa tọ́jú wọn títí wọn ó fi dàgbà.”

Má-kánjú ṣì ń wá irọ́ tó máa bá ọ̀rọ̀ náà mu nígbà tí ilẹ̀kùn ọgbà ṣí. Màmá Aránṣọ ló wọlé, opó arúgbó tó ń gbé lẹ́yìn ògiri, tó máa ń jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ lábẹ́ ibòòji tí igi yìí ń nà sọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀, ó ti kúnlẹ̀ sórí òkúta, níwájú ọmọ tí ọmọ rẹ̀ lè bí.

“Ọmọ mi, má bá a wí. Èmi ni. Omi ọṣẹ mi máa ń gba abẹ́ ògiri yìí lọ sídìí igi yẹn. Láti ìgbà tí ewé ti ń já ni mi ò ti fọṣọ nílé mọ́. Ilé ọmọ mi ní ìsàlẹ̀ ìlú ni mò ń rù ú lọ.”

“Màmá! Ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́!” ni alábòójútó ń bẹ̀ ẹ́.

“Mi ò dìde. Fi ibi tí màá gbẹ́ hàn mí. Ẹ̀yìn ń dùn mí, àmọ́ díẹ̀díẹ̀ ni màá máa gbẹ́ ẹ.”

Ẹ wo ìgbàlà tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé! Kí Má-kánjú ṣáà ti dákẹ́ ni. Ó sì dákẹ́. Ìyàwó rẹ̀, tó ti jáde wá dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé, wò ó. Lóṣù yẹn, iyọ̀ ilé ti tán lẹ́ẹ̀mejì, obìnrin náà sì ti bi í pé ṣé iyọ̀ ló fi ń wẹ̀ ni. Ní báyìí, ó kàn ń wò ó bí ẹni tó ṣí ìkòkò tó bá ọbẹ̀ kíkan.

Màmá yí orúnkún padà sọ́dọ̀ rẹ̀. “Tíṣà, dárí jì mí. Mo ba nǹkan rẹ jẹ́.”

Tí ilẹ̀ bá lanu, Má-kánjú ì bá kó sí i láìwo ọ̀tún wo òsì.

“Èmi ni,” ó wí. Ohùn rẹ̀ kò tó ti ẹ̀fọn.

“Kí lẹ wí, sà?”

“Mo ní èmi ni. Omi iyọ̀ gbígbóná ni. Torí mọ́tò.”

Màmá ò tíì dìde. “Ọjọ́ tí mo pè ọ́ lórí ògiri pé ara igi yìí ò yá, tí o ní kí n bá ọ fi sádùúrà, ṣé o ti da omi yẹn sí i?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“O wá jẹ́ kí n máa gbàdúrà.”

Má-kánjú sáré nawọ́ láti gbé e dìde. Màmá wo ọwọ́ náà bí ìgbà tí wọ́n na ejò sí i. Ìyàwó Má-kánjú ló dì mú tó fi dìde, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀, ó sì lọ.

Lọ́jọ́ Sátidé, nínú oòrùn ganrínganrín, Má-kánjú ń gbẹ́ kòtò. Àwọn tó ń kọ́ mọ́tò dúró sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni wá wo ìran.

“Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o! Ẹ rọra o, ẹ má kánjú!”

Kò lè gbójú sókè. Alábòójútó ki tépù bọ inú kòtò. “Kò tíì jìn tó, sà.”

Lẹ́yìn ògiri, ó ń gbọ́ tí Màmá Aránṣọ ń wọ́ ẹ̀rọ rẹ̀ kúrò nínú oòrùn, ó ń wọ́ ọ, ó ń sinmi, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Má-kánjú fẹ́ kígbe pé kó dúró, òun ń bọ̀ wá bá a gbé e. Ẹnu rẹ̀ ò gbà á. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì ń gbẹ́ lọ.