Ọmọ Tí À Ń Bi Pé Kí Ló Rí

"Màmá, ẹ má jẹ́ kí ọmọ yìí dá sọdá títì mọ́ o." Tíṣà ọmọ mi ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, lẹ́nu géètì ilé-ìwé wọn ní Lálùpọn. Ó ní ọmọ náà dúró sáàárín títì, ó la ojú sílẹ̀, ọ̀kadà ń fọn fèrè, kò yà. Òun ló sáré fà á kúrò. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni. Láti ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá ló ti ń dédé dákẹ́. A ó pè é, kò ní dáhùn. Mo fi fóònù wo bí ọ̀kan nínú rẹ̀ ṣe pẹ́ tó: ìṣẹ́jú méjì ó lé díẹ̀. Lọ́jọ́ mìíràn, nídìí agbada gàrí, ọwọ́ rẹ̀ kan irin gbígbóná, kò fà á sẹ́yìn. Èmi ni mo fà á.

Aláṣọ funfun ni wá. Nígbà tó kọ́kọ́ ṣe é nínú ìsìn, wọ́n ní Ẹ̀mí ló gbé e. Ìyá ìjọ wa kúnlẹ̀ tì í: "Ọmọ Jésù, kí lo rí?" Arábìnrin tó máa ń kọ ìran sílẹ̀ ti ṣí ìwé. Ọmọ náà wò wá yíká, ó ní, "Omi." Halelúyà sọ.

"Ìyá wòlíì," arábìnrin kan fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, "ṣé a ṣì lè bá yín jókòó báyìí?"

Mo rẹ́rìn-ín. Inú mi dùn. Láti ọjọ́ náà, èmi pàápàá ń bi í nílé: kí lo rí?

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ tíṣà, mo bi í ní nǹkan mìíràn: "Níbo lo máa ń lọ?"

"Màámi, ẹ ò ní bínú?"

"Mi ò ní bínú."

"Mi ò rí nǹkan kan rí. Ohun tí wọ́n bá ń fẹ́ ni mo máa ń sọ." Ó ń fa etí ẹní. "Tí mo bá ti gbọ́ ìró ọ̀kadà, mo máa ń jáde. Màá wà lókè, màá máa wo ara mi nísàlẹ̀ bíi ọmọ ẹlòmíì. Ó máa ń pẹ́ kí n tó rí ọ̀nà padà."

"Tí o ò bá wá rí i ńkọ́?"

Ó sún mọ́ mi lórí ẹní.

Nínú ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá yẹn ni ọ̀kadà tó gbé ọmọ náà àti bàbá rẹ̀ bọ̀ láti Ìbàdàn ṣubú. Bàbá rẹ̀ dákú. Òun nìkan ló jókòó tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì kí èèyàn tó dé. Bàbá rẹ̀ jí padà, ara ọmọ náà kò sì bó rárá, nítorí náà a ṣe ìdúpẹ́ lọ́jọ́ Àìkú, a sì kìlọ̀ fún gbogbo ilé pé kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀ ìjàǹbá náà mọ́. Ọmọ náà gbọ́ràn.

A ti gba ọjọ́ tí a ó rí dókítà. Ní báyìí ná, mò ń mú un lọ́wọ́ lọ, mò ń mú un lọ́wọ́ bọ̀. Lánàá, ọ̀kadà kan kọjá, ọwọ́ rẹ̀ dẹ̀ nínú ọwọ́ mi, mo sì mọ̀ pé kò sí níbẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, tí ọmọ yín bá ń ṣe báyìí, ẹ má gbá a létí, ẹ má sì bi í pé kí ló rí. Ẹ jẹ́ kó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i, kí ẹ sì tètè gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.