Àtẹ́lẹwọ́ Kọ́pùrà

Ìró tí mo gbọ́ gbẹ̀yìn láyé mi, ìró bọ́ǹbù ni. Ó bú gbàù lẹ́bàá kòtò tí mo sá sí lójú ogun, iyẹ̀pẹ̀ bò mí. Nígbà tí wọ́n hú mi jáde, mo rí i pé ẹnu àwọn tó ń kí mi kú ewu ń lọ sókè sódò, ṣùgbọ́n n ò gbọ́ nǹkan kan. Mo rẹ́rìn-ín músẹ́, mo mi orí. Ọmọdé ń ṣe mí. Mo rò pé tó bá ṣe díẹ̀, etí á là. Etí ò là dòní o.

Ogun abẹ́lé parí lọ́dún 1970. Nígbà tó yá, wọ́n kó àwa kan wá pàgọ́ sẹ́yìn Ẹ̀jìgbò, nítòsí ilé bàbá mi gan-an. Wọ́n ti ń dá sọ́jà padà sílé nígbà yẹn torí a ti pọ̀ jù, àwọn tára wọn ò pé ni wọ́n sì kọ́kọ́ ń lé. Kí n tó wọṣẹ́ ológun, iṣẹ́ mẹkáníìkì ni mò ń kọ́ l'Ẹ́jìgbò. Ẹni tí ò gbọ́ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń dún mọ́, kí ló fẹ́ padà lọ ṣe níbẹ̀? Aṣọ ìjọba tó wà lára mi yìí nìkan ló kù fún mi, mo sì pinnu pé n ò ní bọ́ ọ.

Kọ́pùrà wa, ọmọ Masifa, ló kọ́kọ́ fura. Ó pè mí sẹ́yìn ọkọ̀, ó di àgbọ̀n mi mú kí n lè rí ẹnu ẹ̀ dáadáa, ó ní, "Ìwọ yìí, etí ẹ ti kú. Tí mo bá sọ ọ́, ilé yá. Ọwọ́ mi ni kó o máa wò." Mo ní, "Ẹ ṣé, ọ̀gá. Ọlọ́run á san án fún yín." Ẹ gbọ́ àdúrà tí mo ń gbà fún un!

Ẹ mọ̀ pé ológun kì í sọ̀rọ̀ nínú igbó. Ọwọ́ la fi ń sọ ọ́. Ẹni tó wà níwájú bá di ẹ̀ṣẹ́, tó nà án sókè, kí gbogbo èèyàn dúró ni. Bó bá tẹ́ àtẹ́lẹwọ́, tó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ẹ dojú bolẹ̀ nìyẹn, ẹ má bèèrè ìdí. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n tó mi nínú igbó. Orí pápá ni wàhálà wà, níbi tí wọ́n ti ń fẹnu pàṣẹ. Ibẹ̀ ni kọ́pùrà ti máa ń dúró ní ìparí ìlà, tí á máa fi ọwọ́ ẹ̀gbẹ́ itan sọ fún mi ohun tí wọ́n ní ká ṣe.

Ṣùgbọ́n sọ́jà ò ní kọ́ nǹkan kó má fi ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní àmì fún ìrẹsì olókùúta, wọ́n ní fún ọ̀gá tí abíyá ẹ̀ ń rùn. Àwọn náà ti mọ̀ nípa etí mi; tèmi ni kí wọ́n fa etí ara wọn bí ẹni ń fa etí ewúrẹ́. Bí mo bá ń wẹ̀ lódò, kọ́pùrà á yọ sí mi lójijì, á tẹ àtẹ́lẹwọ́ mọ́lẹ̀, èmi tòun tọṣẹ lára á sì ṣubú sínú ẹrẹ̀ níhòòhò. Wọ́n á di ara wọn mú, wọ́n á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn. Èmi náà á bá wọn rín in. Mo ní ọ̀rẹ́ ni wọ́n. Òmùgọ̀ paraku ni mí nígbà yẹn.

Ọjọ́ tí ọ̀gá ńlá kan wá yẹ̀ wá wò, pápá ilé-ìwé kan la tò sí. Ẹni tó bá yege á dúró nínú iṣẹ́, ẹni tí ò bá yege á gba ilé lọ. Ìlú tú jáde wá wòran. Ìyá mi wá láti ilé wa ní Isundunrin, ó we gèlè, ó dúró níwájú pátápátá. Òun náà ò mọ̀ pé mo ti di adití. Bí mo bá lọ kí i, ẹnu ẹ̀ ni mo máa ń wò, n kì í sì í pẹ́ tí mo fi ń sá lọ.

Ó kọ́kọ́ ń lọ dáadáa. Kọ́pùrà fọwọ́ kan ìgbànú, mo dúró ṣinṣin. Ó yí ọrùn ọwọ́, mo yí padà. Ọ̀gá ńlá wá dé iwájú mi, ó la ẹnu. Mo ju ojú sí kọ́pùrà. Ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ọ̀gá ní kí n sàlúùtù. Èmi na gbalaja sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ ẹ̀.

Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Ọmọ Yorùbá na gbalaja níwájú ẹni ńlá, lójú gbogbo ará ìlú ẹ̀: kí ni wọ́n máa pe ìyẹn? Ìlú pàtẹ́wọ́. Ìyá mi fò sókè, ó ń nawọ́ sí mi. Mo ka ẹnu ẹ̀ látilẹ̀: "Ọmọ mi nìyẹn o! Ẹ rí ọmọ tí mo kọ́! Iṣẹ́ sọ́jà ò bà á jẹ́!"

Ọ̀gá ńlá ò gbọ́ Yorùbá. Ó rò pé èmi àti gbogbo ìlú la jọ ń fi òun ṣẹ̀sín. Ó bọ́ sẹ́yìn mi, ó pariwo pé kí n dìde, ó tún pariwo. Èmi ń wo kọ́pùrà, mò ń retí àmì ìdìde. Ọwọ́ yẹn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ itan ẹ̀, ó ń gbọ̀n, ẹ̀rín ló ń pa á. Ni ọ̀gá bá fa ìbọn yọ, ó yìn ín sókè lórí mi.

Ohun tí èmi rí ni pé gbogbo ìlú dojú bolẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ìyá mi tòun ti gèlè ẹ̀. Orí mi wú. Mo rò pé wọ́n ń bá mi kí ọ̀gá ni. Mo rẹ́rìn-ín sí ìyá mi.

Ẹ̀rín yẹn ló bá lójú mi nígbà tí ọ̀gá ńlá fi bàtà yí mi padà. Ó wo ojú mi, ó wo ìbọn ọwọ́ ẹ̀, ó yé e pé n ò gbọ́ ọ. Ó ní kí wọ́n bọ́ fìlà àti ìgbànú mi níbẹ̀, kọ́pùrà ló sì rán. Bó ṣe ń tú ìgbànú náà lọ́wọ́, ó fa etí ara ẹ̀, ó ṣẹ́jú sí mi. Ìyá mi ti kúnlẹ̀, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá ńlá. Ó rò pé wọ́n fẹ́ fún mi ní ìgbànú tuntun ni, pé wọ́n gbé mi ga.

Mo ṣíwájú, ó tẹ̀lé mi, à ń lọ sílé. Nígbà tó yá ó fa ẹ̀wù mi, mo yíjú padà, mo rí i pé ojú ẹ̀ ti pọ́n, ẹnu ẹ̀ ò sì dúró. Ó ti ń bá mi sọ̀rọ̀ láti Ẹ̀jìgbò. Ó rò pé mò ń yan òun lódì. Mo fìka kan etí mi, mo gbọn orí. Ó jókòó sílẹ̀ láàárín ọ̀nà, ó ká ọwọ́ lérí, ó sunkún. Inú bí mi sí i, torí n ò tíì kú. N ò mọ̀ pé èèyàn lè sunkún etí.

Ẹ̀gẹ́ ni mo ń gbìn jẹ láti ìgbà náà. Ìyá mi ti lọ. Kọ́pùrà ṣe iṣẹ́ ẹ̀ parí, ó padà sí Masifa, ó di bàbá àgbà tí gbogbo èèyàn ń kí. Bí a bá pàdé níbi ìsọmọlórúkọ tàbí níbi òkú, wọ́n á ní, "Bàbá, ẹ sọ ti adití fún wa." Kò jẹ́ dúró kí n kúrò níbẹ̀ o. Ó ń fi gbogbo ara sọ ọ́: á tẹ àtẹ́lẹwọ́ mọ́lẹ̀, á dojú bolẹ̀, á fa ìbọn yọ, á fò sókè bí ìyá mi. Ọwọ́ ẹ̀ ni mo ti mọ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn mi lọ́jọ́ náà. Mo kórìíra ẹ̀, Ọlọ́run sì mọ̀. Síbẹ̀ n kì í dìde lọ. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á wojú mi, èmi náà á rín in. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ látàárọ̀, tiẹ̀ tó ń fọwọ́ sọ yìí nìkan ni mo máa ń gbọ́ parí.